Kí Ló Ń Pa Ọmọ Àgbọ̀nrín? Ẹ Wo Ilẹ̀ Kẹ́ ẹ Tó Di Gbogbo Ẹ̀bi Ru Coyote

Láàárín ọdún 2006 sí 2009, àwọn onímọ̀ ẹranko igbó kan so rédíò kékeré mọ́ ọrùn ọmọ àgbọ̀nrín 91 ní Savannah River Site, ìyẹn ilẹ̀ ìjọba rẹpẹtẹ kan ní ìpínlẹ̀ South Carolina l'Ámẹ́ríkà, ibi tí wọ́n ti ń ṣe èròjà bọ́ǹbù núkílíà látijọ́ àmọ́ tó jẹ́ pé igbó páìnì ló gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ò ju pé mélòó ló máa yè, kí ló sì pa àwọn tó bá kú. Èsì tó jáde bani lọ́kàn jẹ́ gan-an. Nínú ọmọ mẹ́rin, agbára káká ni ọ̀kan fi lo ọ̀sẹ̀ 16 láyé. Coyote, ẹranko igbó apẹranjẹ kan tó jọ ajá, ló sì wà nídìí ẹ̀ jù: ó kéré tán, tẹ́ ẹ bá pín àwọn tó kú sí ọ̀nà 100, òun ló pa 37 nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tún ka àwọn tó jọ pé òun náà ló pa wọ́n mọ́ ọn, ó lè tó 80.

Látìgbà yẹn, ibikíbi tí mo bá ti bá àwọn ọdẹ ibí l'Ámẹ́ríkà jókòó, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń gbọ́, ẹ jẹ́ ká pa gbogbo coyote tán kí àgbọ̀nrín lè pọ̀ padà. Mi ò bá wọn jiyàn pé coyote ń pa ọmọ àgbọ̀nrín o, ó ń pa á, ó sì ń pa á dáadáa. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Torí coyote kan náà yìí wà láwọn ibòmíì tí èyí tó ju ìdajì àwọn ọmọ náà ń yè, kò sì sẹ́ni tó pa á tán níbẹ̀. Ilẹ̀ ló yàtọ̀. Ohun tó hù lórí ilẹ̀ yẹn, ẹni tó ń lò ó, bí wọ́n ṣe ń lò ó, òun ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí ọmọ yẹn ṣe ń gbé ayé ẹ̀. Àgbọ̀nrín tí à ń sọ ni white-tailed deer, èyí tí abẹ́ ìrù ẹ̀ funfun báláú, tó bá ń sá lọ á na ìrù yẹn sókè gbọnrangandan. Oyún oṣù mẹ́fà ààbọ̀ ló máa ń ní, ọ̀pọ̀ wọn ń bímọ láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, ìbejì sì wọ́pọ̀ nínú wọn. Ọmọ tuntun ò ju nǹkan bíi kílò mẹ́ta lọ, ara ẹ̀ kún fún àmì funfun tóótòòtó, láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti lè dìde nílẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì lè sáré tó ohun tó bá fẹ́ pa á jẹ. Torí ẹ̀ ni kì í fi í sáré rárá, ńṣe ló máa ń fara pamọ́. Ìyá ẹ̀ á lá a mọ́ tónítóní, á jẹ ibi ọmọ, á máa jẹ ìgbẹ́ ọmọ, á máa lá ìtọ̀ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ torí kí òórùn má bàa wà nílẹ̀ tí ẹranko apẹranjẹ máa fi mọ ibi tọ́mọ wà. Á wá fi í sílẹ̀ nínú koríko tàbí igbó ṣúúrú, òun á bọ́ sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀ lọ jẹun, á máa padà wá fún un lọ́mú lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Tó bá jẹ́ ìbejì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa fi wọ́n sí, kó lè jẹ́ pé tí nǹkan bá rí ọ̀kan, kò ní rí ìkejì.

Tí nǹkan bá wá ń bọ̀, ọmọ yẹn á na ọrùn, á lẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, ọkàn ẹ̀ tó ń lù kíkankíkan á lọ sílẹ̀ lójijì, ẹ ò tiẹ̀ ní rí i kó mí. Mo ti rí ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ àgbọ̀nrín báyìí, bàtà ẹ̀ ò jìn sí i ju ìṣísẹ̀ kan lọ, kò rí i, àfi ìgbà tí a gbé kámẹ́rà tó ń rí ooru ara jáde. Nílé wa náà, ọdẹ tó bá mọ igbó dunjú á sọ fún yín pé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ẹtu àti ọmọ ìgalà ṣe ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin àkọ́kọ́ yìí ni ikú ń mú wọn jù. Tó bá ti ń sáré tẹ̀ lé ìyá ẹ̀ dáadáa, ewu yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo lẹ ṣe ń mọ ẹni tó pa á, ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni. Iṣẹ́ yẹn gba sùúrù lóòótọ́. Nígbà òtútù, wọ́n á mú abo tó lóyún, wọ́n á fi rédíò kékeré kan sí ojú ara ẹ̀, lọ́jọ́ tó bá bímọ rédíò yẹn á jáde, bó bá ṣe kúrò nínú ooru ara bọ́ sílẹ̀ báyìí, ìró ẹ̀ á yí padà, ẹni tó ń gbọ́ ọ á mọ̀ pé ọmọ ti dé. Wọ́n á ní sùúrù wákàtí díẹ̀ kí ìyá lá ọmọ ẹ̀ tán kí wọ́n tó lọ wá a, wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á wọn bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó, wọ́n á fi kọ́là, ìyẹn okùn ọrùn tó gbé rédíò dání, sí i lọ́rùn. Kọ́là yẹn ní ìṣẹ́po tí wọ́n fi òwú rán pọ̀, bí ọrùn ọmọ ṣe ń tóbi ni òwú á máa já, títí kọ́là á fi bọ́ dànù fúnra ẹ̀. Tí kọ́là ò bá mì fún wákàtí mélòó kan, ìró ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yára, ìyẹn ni pé ẹ máa bọ̀, nǹkan ti ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ wo ilẹ̀ ná. Bobcat, ológbò igbó ibí, máa ń fẹsẹ̀ wa ewé gbígbẹ bo ẹran tí kò bá jẹ tán. Béárì máa ń bó awọ ẹran sí òdì, á jẹ fẹ́ẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀, nígbà míì awọ àti pátákò nìkan ló máa ṣẹ́ kù. Coyote ní tiẹ̀, orí àti ọrùn ló máa ń bù, á gé e, á gbé e lọ, ó sì lè gbẹ́ ilẹ̀ ri apá kan mọ́lẹ̀, àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé kọ́là tí ẹ̀jẹ̀ àti ojú eyín wà lára ẹ̀ nìkan lẹ máa bá. Lẹ́yìn náà lẹ máa wá ṣí awọ ọrùn wò. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dì sábẹ́ awọ níbi tí eyín ti wọlé, ọmọ yẹn ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n bù ú. Tí kò bá sí ẹ̀jẹ̀ dídì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ebi tàbí àìsàn ló pa á, tí ẹranko kan wá kan òkú ẹ̀ níbẹ̀ tó sì jẹ ẹ́. Ẹni tí kò bá ṣí awọ wò, gbogbo òkú ló máa kà sí coyote lọ́rùn. Ní Savannah River, wọ́n tiẹ̀ nu itọ́ ojú ọgbẹ́ lọ sí láàbù, wọ́n yẹ DNA ẹ̀ wò kí wọ́n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Coyote yìí kì í ṣe ará ìlà oòrùn Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí. Ilẹ̀ pápá àti aṣálẹ̀ apá ìwọ̀ oòrùn ni ilé ẹ̀. Ìkookò ló ni ìlà oòrùn, títí kan ìkookò pupa tó wà lápá gúúsù. Àwọn òyìnbó tó wá tẹ ibẹ̀ dó yìnbọn fún wọn, wọ́n dẹ takuté, wọ́n fi májèlé sílẹ̀, wọ́n gé igbó dáko, títí ilẹ̀ fi mọ́ tí kò sí ìkookò mọ́. Ìkookò pupa, ọdún 1980 ni wọ́n kéde pé kò sí ẹyọ kan nínú igbó mọ́, ọdún 1987 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá díẹ̀ padà sí Alligator River ní North Carolina. Nígbà tí ìkookò ti lọ, coyote rí àyè, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé South Carolina ní ìparí àwọn ọdún 1970, lónìí kò sí ìpínlẹ̀ tí kò sí l'Ámẹ́ríkà àfi Hawaii.

Àgbọ̀nrín náà ní ìtàn tiẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1900, àwọn tó ń pa á tà ti pa á débi pé èyí tó kù ní gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn ò tó 500,000. Wọ́n ṣòfin, wọ́n kó o láti ibì kan lọ síbòmíì, àwọn oko tí wọ́n pa tì di igbó padà, lónìí wọ́n tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 30. Ẹ wá wo bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní gúúsù ìlà oòrùn: àgbọ̀nrín padà pọ̀ nígbà tí ìkookò ti lọ tí coyote ò sì tíì dé. Láàárín àkókò yẹn, fẹ́ẹ̀ẹ́ ni kò sí ohun tó ń lé ọmọ àgbọ̀nrín kiri. Ìgbà yẹn ni bàbá àwọn ọdẹ òde òní kọ́ ọdẹ, wọ́n sì rò pé bó ṣe yẹ kó rí láéláé nìyẹn. Ẹni tó bá ṣì ń fi ìgbà yẹn díwọ̀n tòní, àgbọ̀nrín èṣí ló ń jẹ lọ́bẹ̀.

Ṣé pípa coyote wá ń ṣiṣẹ́? Ní Savannah River kan náà, wọ́n dán an wò. Láti 2010 sí 2012 wọ́n mú coyote 474 kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ọmọ 23 nínú 100 ló ń yè. Lọ́dún àkọ́kọ́ ó gòkè lọ sí 51, gbogbo èèyàn dunnú. Lọ́dún kejì ó já wálẹ̀ sí 20, ìyẹn ò tó ti tẹ́lẹ̀ pàápàá, bẹ́ẹ̀ wọ́n ò sì dẹwọ́ nínú pípa coyote o. Lọ́dún kẹta ó tún gòkè dé 43. Ẹ wo iye owó, iye takuté, iye àárọ̀ kùtùkùtù tó wọ inú ẹ̀, fún èrè tí kò dúró sójú kan. Ìdí ẹ̀ ò ṣòro láti lóye: tẹ́ ẹ bá pa coyote méjì tó ni àgbègbè kan, àwọn tó ń rìn kiri láìní ilé, tí wọ́n lè rin ọ̀nà tó jìn gan-an, á gbọ́ pé ibẹ̀ ṣófo, wọ́n á wọlé. Tí wọ́n bá wá dín kù tí oúnjẹ pọ̀, abo wọn lè bímọ púpọ̀ sí i. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mú wọn kúrò rárá, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú kí àgbọ̀nrín tó bímọ nìkan ló mọ́gbọ́n dání, ọdọọdún ló sì máa ṣe é. Èmi ò rí i bí ohun tí ẹni tó ní ilẹ̀ kékeré lè máa bá lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Pennsylvania, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti hàn kedere. Lọ́dún 2000 àti 2001 wọ́n tẹ̀ lé ọmọ àgbọ̀nrín 218 ní ibi méjì, ọ̀kan ni Quehanna tó jẹ́ igbó lọ súà, èkejì ni Penns Valley, àfonífojì tí oko àti igbó ti jọ wà pọ̀. Àwọn ọmọ tó wà láàárín oko yè ju àwọn tó wà nínú igbó lọ. Nínú àwọn tí ẹranko pa, béárì dúdú àti coyote fẹ́ẹ̀ẹ́ pín in dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọdẹ kì í kọrin béárì.

Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ míì kó irú ìwádìí báyìí jọ láti ìpínlẹ̀ 16, agbo àgbọ̀nrín 29, wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2018. Níbi tó jẹ́ igbó nìkan láìsí oko rárá, nǹkan bí ọmọ 41 nínú 100 ló ń pé oṣù mẹ́fà. Bí oko bá ṣe ń gba ìdá mẹ́wàá mẹ́wàá lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ bíi márùn-ún nínú 100 ń yè kún un. Níbi gbogbo, ẹranko apẹranjẹ ló ń pa èyí tó pọ̀ jù, àmọ́ ibi tí igbó àti oko ti dà pọ̀ mọ́ra wọn ni ọwọ́ apẹranjẹ ti fúyẹ́ jù. Ó sì jẹ́ pé níbẹ̀ náà ni ebi, àìsàn àti àìlera ara ọmọ ti ń pa wọ́n ju ibòmíì lọ, nítorí náà kò sí ilẹ̀ tó jẹ́ párádísè.

Kí ló dé tí oko fi ń gbà wọ́n là? Àlàyé tó yé mi jù ni pé níbi tí oko wà, eku, ehoro àti èso wà fún coyote láti jẹ, ọmọ àgbọ̀nrín ò wá ní jẹ́ oúnjẹ kan ṣoṣo tó ń wá. Àwọn ìyá náà ń rí ẹ̀wà soyà àti àgbàdo jẹ, abo tó jẹun kánú sì ń bí ọmọ tó tẹ̀wọ̀n, ọmú ẹ̀ ń kún. Ọmọ tó yó máa ń sùn jẹ́ẹ́, ọmọ tí ebi ń pa ló máa ń dìde rìn, tó máa ń ké, coyote sì létí. Ẹ̀yin náà rí i pé ikú tí a ń kọ sí apẹranjẹ lórúkọ lè jẹ́ pé láti inú ikùn ìyá ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ọdẹ kì í fẹ́ gbọ́. Níbi tí àgbọ̀nrín bá ti pọ̀ jù, àwọn fúnra wọn ló ń jẹ igbó ṣúúrú tán nílẹ̀. Mo ti wọ inú igbó tó jẹ́ pé láti ilẹ̀ dé ibi tí ẹnu àgbọ̀nrín lè dé, kò sí ewé tútù kan, ìdí igi lásán lẹ máa rí lọ títí, ewéko tí wọn kì í jẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Níbo lọmọ máa sá sí? Àti ìyá àti ọmọ ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe lọ́ṣẹ́.

Iná náà wà ńbẹ̀. Ní Fort Bragg ní North Carolina, ilẹ̀ àwọn ológun, wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sun igbó páìnì ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta torí ẹyẹ àkókó kan tí òfin ń dáàbò bò, ẹyẹ yẹn ò lè gbé níbi tí igbó bá ti ṣú lábẹ́ igi. Iná yẹn dára fún ẹyẹ náà, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, òun ló tiẹ̀ dá igbó páìnì yẹn sí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sun ilẹ̀ tó tẹ́ lọ rẹrẹ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí àgbọ̀nrín fẹ́ bímọ, ibi tí ọmọ máa sùn sí á jóná. Ní ọdún 2011 àti 2012, ọmọ 14 nínú 100 péré ló pé ọ̀sẹ̀ 16 níbẹ̀. Mi ò sọ pé iná nìkan ló fà á, coyote wà níbẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ náà jẹ́ yanrìn tí kò lọ́ràá.

Torí náà ẹni tó bá nílẹ̀, tó sì fẹ́ rí ọmọ àgbọ̀nrín, kó ṣe báyìí. Kó gé díẹ̀ nínú igi ńlá kí oòrùn lè kan ilẹ̀, koríko àti ìtàkùn á hù. Tó bá fẹ́ sungbó, kó pín in sí abala kéékèèké, kó sun ọ̀kan lọ́dún yìí, òmíì lọ́dún tó ń bọ̀, kó lè jẹ́ pé nígbàkúgbà ibì kan á wà tó ti hù dáadáa. Kó jẹ́ kí igbó yẹn fẹ̀, torí igbó tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ojú ọ̀nà coyote ni, ó kàn máa rin gbọọrọ gba inú ẹ̀ ni, imú ẹ̀ á gbọ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Igbó ṣúúrú níbi tí ọmọ kan sùn sí nìkan kì í fìgbà gbogbo gbà á là, bí gbogbo àgbègbè yẹn ṣe rí ló ṣe pàtàkì. Tí wọ́n bá wá rí i pé ọmọ ò tó nǹkan mọ́, kí wọ́n dín iye abo tí wọ́n ń pa kù. Ìyẹn ò ná wọn ní kọ́bọ̀, ọjọ́ kan náà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ìbọn ọdẹ nìkan sì ni apẹranjẹ tí a lè sọ fún pé kó dúró tó sì máa gbọ́.

Ó ku ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ìgboro, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Maryland, ní Georgia, lẹ́bàá Houston, ẹ̀yìn ilé yín ni àgbọ̀nrín ń bímọ sí báyìí, ó ń jẹ òdòdó yín. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ ẹ̀ tó dá nìkan sùn nínú koríko, ìyá ẹ̀ ò sọ ọ́ nù o. Ó wà nítòsí, ó ń dúró kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀ ni. Ẹ má gbé e wọlé, ẹ má fún un ní mílíìkì màlúù, á ṣe é ní inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ òfin ò sì gbà á kẹ́ ẹ sìn ín, pàápàá torí àìsàn chronic wasting disease tó ń ba ọpọlọ àgbọ̀nrín jẹ́ tí ìjọba ò fẹ́ kó tàn kiri. Tí ọmọ yín bá ti ṣèèṣì gbé e, ẹ dá a padà síbi tó ti gbé e gan-an, kò sí òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ pé òórùn èèyàn á mú kí ìyá kọ̀ ọ́. Ẹ so ajá yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé koríko tó ti ga nínú oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn yí i ká, torí ọmọ yẹn ò ní sá fún ẹ̀rọ, ńṣe ló máa lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní Jámánì tí irú ìjàǹbá yìí ti pọ̀ lóko koríko, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fowó ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ lọ́dún 2021 kí wọ́n lè ra dírónù tó ń rí ooru ara, tí wọ́n á fò lórí oko láàárọ̀ kùtùkùtù nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, kí ẹ̀rọ tó wọlé.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ pe àjọ tó ń bójú tó ẹranko igbó ní ìpínlẹ̀ yín ni tẹ́ ẹ bá rí òkú ìyá ẹ̀ lẹ́bàá títì, tàbí tí ọmọ náà ń ké láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ tó ń rìn kiri, tí ọgbẹ́ wà lára ẹ̀ tí eṣinṣin ń kùn bò ó, tàbí tí ṣóńṣó etí ẹ̀ bá ká kò sẹ́yìn, ìyẹn ni pé omi ti tán lára ẹ̀. Wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà ẹni tó ní láísẹ́ńsì láti tọ́jú ẹ̀. Kí onítọ̀hún tó dé, ẹ jìnnà sí i, ẹ má fún un ní nǹkan kan jẹ, ẹ má sì jẹ́ káwọn ọmọdé pé lé e lórí.